Àjẹkù Oúnjẹ Ilé-Ìwòsàn àti Iná Gáàsì: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Ìjẹ̀bú-Òde

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìtàn ọgbọ́n kan, èyíinì ni ọgbọ́n fífi àjẹkù oúnjẹ àti ẹ̀gbin inú ọgbà ńlá ṣe gáàsì ìdáná nínú ọgbà náà gan-an. Ilé-ìwòsàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, Ìjẹ̀bú-Òde ni a sì dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí méjì ni a fi yan ilé-ìwòsàn. Èkíní ni pé kò sí ọjọ́ tí a kì í jẹun níbẹ̀. Bí ó ṣe ọjọ́ Àìkú, bí ó ṣe ọjọ́ ọdún, aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹun, omi sì gbọ́dọ̀ hó. Èkejì ni pé ilé-ìwòsàn kan wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ lo irú gáàsì yìí láyé, bí a ó ṣe rí i ní ìpín kẹrin.

Báyógáàsì ni àwọn onímọ̀ ń pe gáàsì tí à ń sọ yìí. Ó yàtọ̀ sí gáàsì inú sìlíńdà tí à ń rà, nítorí pé inú ilẹ̀, níbi tí a ti ń wa epo rọ̀bì, ni ti inú sìlíńdà ti wá. Báyógáàsì ní tirẹ̀ ń jáde láti ara ohun tí ó bá jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò dé.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: bí ọgbọ́n yìí bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ó sì ti dé ilẹ̀ Rẹ́mọ tí ó múlé gbe Ìjẹ̀bú-Òde, kí ni ó dé tí kò fi di ohun tí àwọn ilé-ìwòsàn wa ń lò káàkiri? Àwọn kan yóò dáhùn pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni a kò ní. Àwọn mìíràn yóò ní owó ni. A kò sọ pé owó kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n èrò tí a fẹ́ gbè lẹ́yìn ni pé ìtàn fi ìdí mìíràn hàn wá. À ń ka kòtò gáàsì sí ilé tí a kọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀sìn ni í ṣe, tí a gbọ́dọ̀ máa bọ́ lójoojúmọ́.

2.0 Ewúrẹ́, Ààtàn àti Wolé-wolé

Ní agbo ilé Ìjẹ̀bú àtijọ́, díẹ̀ ni àjẹkù tí kò ní ẹni tí ó ń retí rẹ̀. Èèpo iṣu jẹ́ ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a bá sá sí oòrùn jẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Ohun tí ó bá dà sílẹ̀ nídìí ọlọ jẹ́ ti adìẹ. Eérú inú ààrò kò ṣòfò, nítorí pé a fi ń ṣe ọṣẹ. Ohun tí ẹran kò bá jẹ ni ó ń lọ sí ààtàn ẹ̀yìn ilé, ààtàn náà kò sì jẹ́ òpin ìrìn-àjò rẹ̀. Orí ààtàn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọmọ dáadáa, ibẹ̀ sì ni kókò ti ń ta, kókò tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fi ń ṣe ẹ̀bìrìpò. Ohun tí ó kúrò lórí àwo ń padà sórí àwo, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ìjọba mìíràn dé, ojú mìíràn ni ó sì fi wo ààtàn. Àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbo ilé. Wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ní kí a palẹ̀ ààtàn mọ́. Kò yẹ kí òpìtàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí pé eṣinṣin àti ẹ̀fọn kì í ṣe àlá, àrùn tí wọ́n ń gbé kiri sì ń pa ọmọdé. Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ lásìkò náà tí a kì í sábà kíyè sí. Àjẹkù pàdánù olúwa rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé àti ewúrẹ́ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìjọba, ìjọba kò sì ní ewúrẹ́. Kí á kó o jìnnà sí ojú ni gbogbo ètò tí ìjọba ṣe fún un. Nígbà tí ọ̀rá àti ike sì dé, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu, ewúrẹ́ pàápàá kò lè jẹ ẹ́ mọ́ láìséwu.

Ọjọ́ orí ilé-ìwòsàn ìgbàlódé ní ilẹ̀ wa kò ju ti ìjọba wolé-wolé yìí lọ. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ojú kan náà ni ó fi ń wo àjẹkù: ohun tí a gbọ́dọ̀ kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

3.0 Láti Kíkan dé Iná

Ní 1776, Alessandro Volta, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi ọ̀pá ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún omi Maggiore. Gáàsì hó wá sókè. Ó gbà á sínú ìgò, ó sì rí i pé ó ń jó bí a bá ṣáná sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tukọ̀ lórí ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́ yóò ti rí irú híhó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ajẹ̀ bá kan ẹrẹ̀. Nínú irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tí a bá ṣe nínú kòtò, bí 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni methane, èyí tí ó ń jó. Carbon dioxide, tí kì í jó, ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń di gáàsì? Ìdajì ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tipẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe gààrí Ìjẹ̀bú yóò rin ẹ̀gẹ́, yóò dì í sínú àpò, yóò fi òkúta tẹ̀ ẹ́, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ó fún gààrí náà ní kíkan tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń ṣe fùfú yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí tí yóò fi rọ̀, omi náà yóò sì máa hó kùṣùkùṣù láìsí iná nídìí rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń sọ ẹ̀gẹ́ di kíkan.

Nínú kòtò gáàsì, iṣẹ́ kan náà ni ó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ kíkan ni onígààrí ń lọ, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí. Kòtò gáàsì kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kòkòrò àìfojúrí kejì wà tí oúnjẹ tiwọn jẹ́ kíkan náà. Àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń tú methane jáde. Àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí kì í yára, kíkan tí ó bá pọ̀ jù sì ń pa wọ́n. Bí ènìyàn bá da ẹ̀bà, ìrẹsì àti fùfú tí ó ṣẹ́kù níbi ìnáwó ńlá kan sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ èkíní yóò sáré ṣiṣẹ́, kíkan yóò gba gbogbo kòtò, ẹgbẹ́ èkejì yóò sì kú. Gáàsì tí yóò jáde kò ní gba iná.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìgbẹ́ màlúù bẹ̀rẹ̀ kòtò, nítorí pé àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ kejì ti wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi ń bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá fẹ́ kan jù, a ó dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, a sì lè fi eérú tàbí ẹfun díẹ̀ pẹ̀tù sí i. Ìmọ̀ yìí kò ṣòro. Ohun tí ó gbà ni ojú tí ó ń ṣọ́ ọ.

4.0 Bombay: Láti Matunga dé Trombay

Ní 1890, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Matunga, ní ìlú Bombay ní ilẹ̀ Índíà, fún àwọn adẹ́tẹ̀ tí kò nílé. H. A. Acworth, ọ̀gá àgbà ìjọba ìlú náà, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ilé-ìwòsàn náà sì ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tí ó di 1897, kòtò kan ti wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ti ń gba gáàsì láti ara ẹ̀gbin, wọ́n sì ń fi gáàsì náà tan iná. Ní ìlú Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún kan náà, Donald Cameron ṣe kòtò ẹ̀gbin tí gáàsì rẹ̀ tan àtùpà. Nítorí náà, ọgbọ́n yìí kò pẹ́ ní Yúróòpù kí ó tó dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ pupa. Ìgbà kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì.

Ìbéèrè òpìtàn ni pé kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ilé adẹ́tẹ̀. Èrò tiwa ni pé ọgbà náà ni ó fà á. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í jáde lọ jẹun níta, a kì í sì í gbé oúnjẹ ilé wá fún wọn. Ibì kan ni wọ́n ti ń jẹun, ibì kan ni ẹ̀gbin wọn ń lọ. Wọ́n tún ní oko nínú ọgbà náà, omi ẹ̀gbin ni wọ́n fi ń bomi rin ín, àwọn aláìsàn tí ó lágbára sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbin ní olúwa. A kò sọ èyí láti yin ètò tí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn odi. A sọ ọ́ kí a lè rí i pé kòtò náà bá ètò iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan níbẹ̀ tí ó gbà á mọ́ra.

Ní ìlú kan náà, tí à ń pè ní Mumbai báyìí, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí átọ́míìkì tí ó wà ní Trombay, Sharad Kale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú kòtò kan tí wọ́n pè ní Nisargruna, tí ó wà fún àjẹkù ilé ìdáná. Wọ́n ń lọ àjẹkù náà kúnná, wọ́n ń fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹrà nínú àgbá kan tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀ kí ó tó wọ inú kòtò gáàsì. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń rẹ fùfú kí a tó sè é yóò mọ èrò tí ó wà nídìí rẹ̀: wọ́n ya ibi kíkan sọ́tọ̀ kúrò ní ibi gáàsì. Ní Pune, Anand Karve àti ilé-iṣẹ́ ARTI ṣe àgbá kékeré fún ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Ashden lórí rẹ̀ ní 2006. Karve fi yé ayé pé oúnjẹ tí ó ní agbára nínú ń mú gáàsì jáde ju ìgbẹ́ màlúù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí pé màlúù ti kọ́kọ́ jẹ èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀.

5.0 Àwọn Ìgbìyànjú Tí Ó Sún Mọ́ Wa

Ní Nàìjíríà, ibi mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ báyógáàsì: ọgbà ẹ̀wọ̀n Zaria, Òjòkòrò ní Èkó, Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, àti ilé-ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́. Ti Sókótó ń mú 425 lítà gáàsì jáde lóòjọ́. Bí a bá rántí pé ojú iná ìdáná kan lè gba 200 sí 450 lítà ní wákàtí kan, a ó rí i pé iná wákàtí kan sí méjì ni. Ibi ìdánwò ni.

Ti Ìkẹ́nnẹ́ ni ó kàn wá jù. Tai Solarin, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí òun àti aya rẹ̀, Sheila, tó dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Gbogbo ẹni tí ó mọ ilé-ìwé náà ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń gbé òkúta ilé. Solarin kú ní 1994, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Mayflower kò kú. A ṣàkíyèsí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé-ìwé onílé-gbígbé jọ Matunga ní ọ̀nà kan: ọgbà ni wọ́n, wọ́n ń jẹun pọ̀, iṣẹ́ sì wà nínú ètò ojúmọ́ wọn.

Ní Àjàṣẹ́, tí à ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, Godfrey Nzamujo, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ẹ̀gbin ẹran àti ti ènìyàn ń di gáàsì, omi tí ó ń ti inú kòtò jáde sì ń lọ sí oko. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ní Ìbàdàn, ètò tí Joseph Adelegan ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti sọ ẹ̀gbin ilé ìpẹran Bódìjà di gáàsì gba ẹ̀bùn SEED ní 2005.

Gánà ni a ti rí ìṣirò tí ó lani lójú jù. Wọ́n kọ́ kòtò ìdánwò ní ibùdó ẹran Shai Hills ní 1986. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn, títí kan ilé-ìwòsàn Kátólíìkì tí ó wà ní Battor, kọ́ tiwọn. Nígbà tí Edem Bensah àti Abeeku Brew-Hammond yẹ kòtò 50 wò káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, 22 péré ni wọ́n bá tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mẹ́wàá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, 14 kò ṣiṣẹ́ rárá, méjì ti di àpatì, wọ́n sì ṣì ń kọ́ méjì lọ́wọ́. Kí ni ó fà á? Ìgbẹ́ ẹran kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó, gáàsì ń jò, àpò gáàsì ya, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe, àwọn tí a fà á lé lọ́wọ́ kò mọ bí a ṣe ń lò ó. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Wọ́n kọ́ ọ tán. Ẹni tí yóò máa bọ́ ọ ni kò sí.

6.0 Ìjẹ̀bú-Òde: Níbo ni Àjẹkù Wà?

Bí a bá wá dúró sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí a ó kọ́kọ́ rí ni pé kò jọ Matunga. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa, oúnjẹ ilé ni aláìsàn ń jẹ. Ìyá rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ ni yóò gbé e wá nínú fúláàsì. Èyí kì í ṣe ìwà àìlajú. Nígbà tí Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arọ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, àwọn abúlé ìtòsí ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, mọ̀lẹ́bí wọn sì ń bá wọn gbé, wọ́n ń se oúnjẹ fún wọn. Gbogbo ayé yìn ín. Oúnjẹ ilé jẹ́ ara oògùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ oògùn fún aláìsàn jẹ́ ìṣòro fún kòtò gáàsì. Àjẹkù kò sí ní ilé ìdáná kan ṣoṣo. Díẹ̀ wà ní ilé ìdáná ilé-ìwòsàn, díẹ̀ wà nínú fúláàsì, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ tí ń tà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi ìrẹsì wọn pọ̀ jùlọ. Ẹni tí ó bá ka kìkì ilé ìdáná ilé-ìwòsàn yóò kọ́ kòtò tí ebi yóò máa pa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá rí 50 kílò àjẹkù kó jọ lóòjọ́, a lè retí nǹkan bí 5 mítà onígun mẹ́ta gáàsì. Agbára rẹ̀ kò jìnnà sí ti gáàsì sìlíńdà kílò 2 lé díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà yóò mú ohun tí ó tó sìlíńdà kílò 12.5 kan wá. Bí a bá fi omi tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pò ó, tí a sì jẹ́ kí ó lo 40 ọjọ́ nínú kòtò, kòtò náà yóò gba nǹkan bí 4,000 lítà, láìka ibi tí gáàsì yóò dúró sí. Iná yìí kò ní tan gbogbo ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n yóò se ẹ̀kọ àárọ̀, yóò sì gbé omi kaná fún ìyá ọlọ́mọ, ní ọjọ́ tí owó gáàsì kò bá sí. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó bá ti wọ yàrá àwọn tí ó ní àrùn tí ń ràn kò gbọdọ̀ dé inú kòtò àjẹkù. Abẹ́rẹ́, owú ojú egbò àti ọ̀rá kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Omi apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàn wọ̀ ọ́, nítorí pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò tí ń ṣeni ní ibi àti kòkòrò tí ń ṣe gáàsì. Ẹni kan gbọ́dọ̀ wà tí ó mọ gbogbo èyí, tí ó ń ṣa àjẹkù, tí ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó ń fetí sí bí iná ṣe ń jó.

Ta ni ẹni náà? Ìjẹ̀bú-Òde kò kú sí ọ̀rọ̀ ìdáwójọ. Àwọn ẹgbẹ́ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí à ń rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba lè kọ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti so àgbò Iléyá mọ́lẹ̀ rí mọ̀ pé rírà àgbò kọ́ ni iṣẹ́; jíjáwé fún un láràárọ̀ ni iṣẹ́. Àgbò kò mọ̀ pé Àìkú ni òní. Kòtò gáàsì náà kò mọ̀.

7.0 Àsọkágbá

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọgbọ́n sísọ àjẹkù di iná kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé onígààrí Ìjẹ̀bú ti wà ní ìdajì ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́. A ti rí i pé ilé ìtọ́jú aláìsàn ní Matunga ti lò ó láti 1897, àti pé ó ti dé Ìkẹ́nnẹ́. A sì ti rí i láti inú ìṣirò Gánà pé àìní olùtọ́jú ni ó ń pa á.

Nítorí náà, bí ilé-ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ dán an wò, àmọ̀ràn tí ìtàn gbà wá ni pé kí ó kọ́kọ́ gba ènìyàn kí ó tó ra bíríkì. Kí orúkọ iṣẹ́ náà wà nínú ìwé owó oṣù, bí ti ẹni tí ń fọ aṣọ àti ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí àwọn olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà mọ̀ ọ́n, kí àwọn tí ń gbé fúláàsì mọ ibi tí a ń da àṣẹ́kù sí. Kí ó fi oṣù mẹ́ta wọn àjẹkù lójoojúmọ́ kí a tó mọ bí kòtò yóò ti tóbi tó. Nígbà tí wolé-wolé gba àjẹkù lọ́wọ́ ìyàwó ilé, kò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí a tún fún àjẹkù ní olúwa ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.